Ibo Ni Èéfín Ń Gbà Jáde? Àlàyé Lórí Ẹ̀rọ Afèéfín Ilé Ìdáná

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí a gbé ẹ̀rọ afèéfín sí ilé ìdáná wa ní Tankẹ, ní Ìlọrin, mo ṣàkíyèsí àbàwọ́n kan lára síílíǹ, níbi tí páìpù ẹ̀rọ náà ti wọlé lókè. Kò ju ẹnu ife lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì rò pé òrùlé ló ń jò, àmọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà nígbà náà, òjò kò tí ì bẹ̀rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí òróró tí a ti fi dín àkàrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A gbé àkàbà, a ṣí ojú àjà, a sì rí i pé oníṣẹ́ tó bá wa gbé ẹ̀rọ náà kọ́ kò gbé páìpù rẹ̀ jáde síta. Ihò síílíǹ ló kàn gbé e gbà, tó sì fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn igi òrùlé. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, gbogbo ooru, ọ̀rinrin àti ọ̀rá tí a rò pé ó ti bá afẹ́fẹ́ ìta lọ ni ó ń kó jọ sára pákó gbígbẹ tó wà lókè orí wa.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ẹbí àti aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ yìí, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kitchen hood tàbí heat extractor, mo sì ti rí i pé ohun kan náà ló ń rú gbogbo wa lójú. A gbà pé ẹ̀rọ náà ń jẹ èéfín. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Fáànù ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó gbé afẹ́fẹ́ kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, tàbí tó ti ní in nílé tí kò sì rí ànfààní rẹ̀, ìbéèrè méjì ni kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ibo ni ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fà ń lọ, ibo sì ni afẹ́fẹ́ tuntun tí yóò rọ́pò rẹ̀ ń gbà wọlé? Bí a bá ti mọ ìdáhùn sí méjèèjì, púpọ̀ nínú ohun tó kù yóò yé wa fúnra rẹ̀.

Ilé ìdáná àwọn ìyá wa àgbà kò mọ ìṣòro yìí. Nínú agbo-ilé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni ààrò sábà máa ń wà, lọ́tọ̀ sí yàrá tí à ń sùn, ògiri ilé ìdáná kì í sì í kan òrùlé tán, kí èéfín lè rí àárín wọn gbà jáde. Ojú a máa ta wọ́n lóòótọ́, ògiri a sì máa dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n èéfín mọ ọ̀nà tirẹ̀. Lónìí, inú ilé gan-an ni a gbé ilé ìdáná wọ̀, ó fi ara ti pálọ̀, síílíǹ bò ó lókè, fèrèsé onígíláàsì rẹ̀ sì wà ní títì nítorí ẹ̀fọn, nítorí olè, àti nítorí eruku ọyẹ́ tó máa ń bo ìlú láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì. Ohun tó bá jáde láti inú ìkòkò níbẹ̀, inú ilé náà ni yóò máa gbé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé gáàsì ni àwọn ń lò àti pé gáàsì kò ní èéfín. Ohun tí ojú kò rí ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Iná gáàsì tó ń jó ní àwọ̀ búlúù ń mú ọ̀rinrin àti carbon dioxide jáde, ó sì ń mú nitrogen dioxide jáde pẹ̀lú, èyí tó máa ń yọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu, pàápàá ti ọmọdé àti ti ẹni tó ní ásímà. Bí iná náà bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú, a jẹ́ pé kò jó dáadáa, ó sì lè máa mú carbon monoxide jáde, gáàsì olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Oúnjẹ fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Òróró tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ máa ń rú èéfín kíkan tó ń ta ojú àti ọ̀fun, ẹ̀kán ọ̀rá tíńtìntín a sì máa fò sókè láti inú agbada, a lọ bà sára kọ́tìnnì, kọ́bọ́ọ̀dù àti orí fìríìjì. Ẹ fi ìka ra orí fìríìjì tó bá wà nílé ìdáná yín, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ìka yín ni ẹ̀rọ afèéfín yẹ kí ó ti gbé lọ.

Ti igi àti èédú burú ju ti gáàsì lọ púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn ló fa ikú ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri àgbáyé. Síbẹ̀, a kò ṣe ẹ̀rọ afèéfín inú ilé fún ààrò igi tàbí ti èédú, torí pé ẹ̀ta iná tó bá fò láti ibẹ̀ lè lọ bà sára ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀rọ náà, kí ó sì gbiná. Ìta gbangba ni ààyè ààrò èédú.

Ẹ̀rọ náà kò díjú bí a bá ṣí i wò. Lábẹ́ rẹ̀ ni asẹ́ ọ̀rá wà, èyí tí a fi àwọ̀n alumíníọ́mù tí a tò léra tàbí pelebe irin tí kì í dógùn-ún ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá ń kọjá nínú rẹ̀, ó ní láti ṣẹ́rí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀rá tó wúwo kò lè bá a ṣẹ́rí bẹ́ẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ irin náà. Lókè asẹ́ yìí ni fáànù àti mọ́tọ̀ rẹ̀ wà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà lẹ́yìn fáànù ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò.

Irú kìíní ń tú ohun tó bá fà síta láti inú páìpù tó la ògiri kọjá. Irú kejì kò ní páìpù, ó ń gba afẹ́fẹ́ náà kọjá nínú asẹ́ èédú, lẹ́yìn náà ó ń dá a padà sínú ilé ìdáná kan náà láti ojú ihò wẹ́wẹ́ tó wà níwájú tàbí lókè rẹ̀. Èédú inú asẹ́ yìí lè mú díẹ̀ nínú òórùn, àmọ́ ooru, ọ̀rinrin, carbon monoxide àti púpọ̀ nínú ohun tí iná gáàsì ń mú jáde ni yóò padà wá bá wa. Bí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé, "Ẹ̀yin, ẹ ò nílò páìpù rárá," kò purọ́, ohun tí ó ń sọ ni pé irú kejì ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló tilẹ̀ lè ṣe ti méjèèjì, kí a kàn yí ìdérí kan padà nínú wọn ni, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún yín. Ní tèmi, fún ilé tí a ti ń din wàrà, tí a ti ń gbé epo kaná fún ọbẹ̀, tí a sì ń din ẹran àgbò lọ́dún Iléyá, èyí tó ń tú síta nìkan ni mo lè gbà wá nímọ̀ràn láti rà. Irú kejì sàn fún ilé tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, kí olúwa rẹ̀ sì mọ̀ pé ó ṣì gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a gbọ́ yékéyéké, torí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ afèéfín kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ gáàsì tó bá jò. Gáàsì inú sílíńdà wa, èyí tó jẹ́ àdàlù propane àti butane, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí, ní abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti ní kọ̀rọ̀ yàrá, nígbà tí ẹ̀rọ wà lókè lọ́hùn-ún. Èyí tó burú jù ni pé súwíìsì tí a bá tẹ̀ láti tan ẹ̀rọ náà lè ta pàrà, ẹ̀ta iná kékeré bẹ́ẹ̀ sì tó láti mú gbogbo ilé bú gbàmù. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan ohunkóhun, ẹ má sì pa èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ọwọ́ yín bá tó sílíńdà láìséwu, ẹ tì í pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo ará ilé sì jáde.

Ìbéèrè kejì, ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ni àwọn ènìyàn kì í rántí. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìdáná tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 3 ṣe àpẹẹrẹ. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ mítà kúbíìkì 27. Bí ẹ̀rọ tó ń fa mítà kúbíìkì 400 láàárín wákàtí kan bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìṣẹ́jú 4 péré ni yóò fi fa afẹ́fẹ́ tó kún inú yàrá náà tán, bẹ́ẹ̀ yàrá kò sì lè ṣófo. Afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé. Bí a bá ti fèrèsé pa, ẹ̀rọ náà yóò máa pariwo láìrí nǹkan kan fà, tàbí kí ó máa fa afẹ́fẹ́ láti ibikíbi tó bá rí: láti abẹ́ ilẹ̀kùn, láti ilé ìwẹ̀, láti inú àjà, tàbí láti ẹ̀yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyẹn ló fi yẹ kí a ronú lórí òru ààwẹ̀ Rámádáànì ní Ìlọrin. Ìyàwó ilé ti jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru láti se sààrì, kò sí iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, gbogbo fèrèsé wà ní títì nítorí ẹ̀fọn, àwọn ọmọ ṣì ń sùn, ẹ̀rọ afèéfín sì ń fà kíkankíkan. Bí jẹnẹrétọ̀ náà bá wà nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tí a rà láti lé èéfín jáde ni yóò máa fa carbon monoxide wọlé, láìsí òórùn tí yóò jí ẹnikẹ́ni. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta, kí a sì ṣí fèrèsé ní ìhà kejì ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ mímọ́ wà. Nẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fèrèsé yóò lé ẹ̀fọn sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ yóò sì gbà á kọjá. Kí ó má jẹ́ fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù gan-an, nítorí pé atẹ́gùn ibẹ̀ yóò máa fẹ́ èéfín dànù kí ẹ̀rọ tó rí i fà.

Ti rírà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí sítóòfù ní fífẹ̀: sítóòfù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 nílò ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní 60 ó kéré tán, tó bá sì ṣe é ṣe, kí ó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ní ti agbára, a máa ń wá ẹ̀rọ tó lè pààrọ̀ afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ní nǹkan bí ìgbà 10 sí 12 láàárín wákàtí kan, ìyẹn mítà kúbíìkì 270 sí 324 fún àpẹẹrẹ wa òkè yìí. Àmọ́ páìpù àti ìgbúnwọ́ rẹ̀ máa ń dín agbára tí wọ́n kọ sára páálí kù, nítorí náà ó dára kí a mú èyí tó lé sí i, bíi 400 tàbí 500.

Gbígbé e kọ́ ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró ti oníṣẹ́, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ìwé tó wà nínú páálí ni àṣẹ àkọ́kọ́, pàápàá lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe ga tó. Fún sítóòfù gáàsì, láti sẹ̀ǹtímítà 65 sí 75 ni ó sábà máa ń jẹ́ láti orí sítóòfù dé abẹ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ooru yóò yọ́ ẹ̀rọ náà tàbí kí iná mú ọ̀rá inú rẹ̀, bí ó bá sì ga jù, èéfín yóò fọ́n ká kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ògiri. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ̀rọ náà sì lè wọ̀n tó kílò 10 sí 20. Bí oníṣẹ́ bá gbẹ́ ihò sí ibi tí búlọ́ọ̀kù ti ṣófo nínú, físà, ìyẹn ike kékeré tí sukúrúù ń wọ̀, tí ó kì bọ̀ ọ́ kò ní rí nǹkan dì mú, yóò kàn di ara rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tín-ín-rín tó wà lójú ògiri. Lọ́jọ́ tí a bá gbé e kọ́, kò ní mira. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí mọ́tọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n ni sukúrúù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri náà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ: ibi tó bá dún kókó ni kí wọ́n lò, ibi tó bá dún gbùù ti ṣófo. Bí kò bá sí ibi tó le níbi tí ìwọ̀n bọ́ sí, kí bíríkìlà di ihò búlọ́ọ̀kù náà pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, kí a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí a tó padà wá. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí irin kílò 15 já lu ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná lórí iná.

Páìpù ni mo ti jìyà tèmi, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Kí ó kúrú, kí ó tọ́, kí ó má ní ju ìgbúnwọ́ kan tàbí méjì lọ, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì kéré sí ẹnu ẹ̀rọ náà. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tí a fún un mọ́ páìpù 10, ńṣe ni ó dà bí ẹni tó ń sáré tí a fi aṣọ dí nímú. Páìpù irin tó dán nínú ló dára jù, torí pé èyí tó kájọ bí ìfun máa ń mú ọ̀rá dúró sínú ìkájọ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan a máa lo páìpù ṣìṣàn omi ilé ìwẹ̀, èyí tó jẹ́ ike. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà: ooru máa ń sọ ọ́ di rírọ̀, bí iná bá sì ràn án, èéfín olóró ni yóò máa rú. Kí páìpù náà rẹlẹ̀ díẹ̀ síhà ìta, kí omi tó bá rọ̀ nínú rẹ̀ má baà ṣàn padà sórí sítóòfù. Lójú ògiri níta, kí ó ní ìdérí tó ń ṣí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fẹ́, tó sì ń padé nígbà tí a bá pa á, torí pé bí kò bá sí ìyẹn, eruku ọyẹ́, ọmọńlé àti ẹyẹ tó ń wá ibi tí yóò tẹ́ ìtẹ́ sí yóò sọ ibẹ̀ di ọ̀nà. Kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé aládùúgbò, kí ó má sì wà nítòsí fèrèsé tiwa náà, kí ohun tí a lé jáde má baà padà wọlé.

Mo ti sọ ti àjà ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún un sọ: páìpù kò gbọ́dọ̀ parí sínú àjà lábẹ́ bó ti wù kó rí. Pákó òrùlé wa gbẹ, ooru páànù ń mú un lọ́sàn-án, wáyà iná sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí a wá fi ọ̀rá ra irú ibẹ̀ lójoojúmọ́, iná ni a ń to igi fún. Bí ilé yín bá ti pẹ́, tí síílíǹ rẹ̀ sì jẹ́ asbestos, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí kí ó fi dírílì lu ú, nítorí pé eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ògiri ni kí ẹ gbà.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ̀rọ náà kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín wáàtì 100 sí 250. Fọ́ltì 230 ni a ṣe é fún. Kí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, kí ti ilẹ̀ tí a ń pè ní áàtì sì jẹ́ òótọ́, torí pé irin ni ara ẹ̀rọ náà, ọwọ́ tútù la sì sábà máa fi ń kàn án. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lókè ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ooru sítóòfù kò dé, kí a má ṣe na wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n gba ẹ̀yìn sítóòfù kọjá. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tọ̀ yóò máa kùn láìyí dáadáa, yóò sì máa gbóná nínú. Bí ẹ bá gbọ́ irú ìkùn bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, tàbí kí ẹ fi sítábíláísà sí i.

Lílò rẹ̀ rọrùn, àmọ́ àṣà kan wà tí a ní láti fi sílẹ̀, èyíinì ni kí a dúró títí tí ilé yóò fi kún fún èéfín kí a tó tàn án. Ẹ tàn án ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 ṣáájú iná, kí afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gòkè, ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ìkòkò kalẹ̀. Fún omi gbígbóná tàbí ìrẹsì, ìyára kékeré tó, fún díndín ni kí ẹ gbé e sókè. Ẹ gbé agbada díndín sí ojú iná ẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń rí èéfín gbá mú jù, ọ̀pọ̀ èyí tó bá jáde ní ojú iná iwájú a máa yọ́ gba iwájú orí alásè lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́, ẹ tan tùràrí díẹ̀, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sórí sítóòfù tí a kò tan iná rẹ̀, kí ẹ sì wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá gòkè tààrà wọ inú asẹ́, ó dára. Bí ó bá ń rọ́ lọ sí pálọ̀, ẹ ṣí fèrèsé òdìkejì díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rí i tí yóò yí ojú padà. Lọ́jọ́ tí a tún ti wa ṣe, tí a gba páìpù jáde lójú ògiri, ìyàwó mi ló tan tùràrí náà, èmi dúró ní ẹ̀yìnkùlé, òórùn rẹ̀ sì dé bá mi níbẹ̀ kí ó tó pe ìṣẹ́jú kan.

Fífọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dópin. Kí a yọ asẹ́ ọ̀rá fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí a bá sì ń dín nǹkan lójoojúmọ́, kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn ẹran Iléyá, kí a má tilẹ̀ dúró dé ọ̀sẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí búlúùbù tutù, ẹ tẹ̀ ìdè asẹ́ náà kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì gbé e, torí pé ọ̀rá tó ti rọ̀ sí etí rẹ̀ lè dà lé yín lójú. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ọpọ́n ńlá, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ fi ọṣẹ ìfọwo àti síbí méjì-mẹ́ta bákín sódà sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ó rí i tí omi náà yóò di bí àwọ̀ tíì, tí ìfóófò aláwọ̀ ilẹ̀ yóò sì léfòó sójú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n níhà méjèèjì, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì dá a ró títí tí yóò fi gbẹ pátápátá.

Ẹ má ṣe fi sódà líle tí a fi ń se ọṣẹ fọ alumíníọ́mù. Ó máa ń jẹ irin náà, bí ó bá sì ti ń jẹ ẹ́ ni ó ń mú gáàsì hydrogen jáde, èyí tó lè gbiná. Kí a má ṣe da bíléèṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ̀nǹkan mìíràn, nítorí pé àdàlù wọn lè mú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Asẹ́ èédú kò ṣe é fọ̀ ní tirẹ̀, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó ṣe é fọ̀. Ńṣe ni a máa ń pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3 sí 6. Ara ẹ̀rọ níta, aṣọ tí a fi omi ọṣẹ rẹ díẹ̀ tó o. Ẹ má da omi sínú fáànù tàbí mọ́tọ̀ láé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ fífọ̀ ni pé asẹ́ tó kún fún ọ̀rá jẹ́ òwú fìtílà tó ń dúró de iná. Ẹ má fi ojú iná gáàsì sílẹ̀ ní títàn láìsí ìkòkò lórí rẹ̀. Bí òróró bá gbiná nínú agbada, ẹ pa gáàsì bí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀, ẹ fi ìdérí ìkòkò tàbí páànù pẹrẹsẹ dé agbada náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ afèéfín, torí pé ó ń fa ọwọ́ iná náà sókè sínú páìpù, kí ẹ má sì gbé agbada náà rìn. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí omi bá kan òróró tó ń jó, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fọ́n òróró oníná náà ká gbogbo yàrá. Bí iná bá ti wọ inú ẹ̀rọ tàbí páìpù, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí a ké sí àwọn panápaná.

Ó ku àwọn ayálégbé, tí onílé kò ní jẹ́ kí wọ́n lu ògiri. Fún wọn, fáànù afẹ́fẹ́-jáde tí a ń fi sí òkè fèrèsé, níbi tí gíláàsì kan ti lè yọ, sàn ju ẹ̀rọ aláìnípáìpù olówó gọbọi lọ. Kí ó wà lókè bó bá ti lè ga tó, kí ó kọjú síta, kí a gbé sítóòfù sún mọ́ ìhà rẹ̀, kí a sì ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn kan ní òdìkejì. Abẹ́ rẹ̀ náà a máa gba ọ̀rá, nítorí náà ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, ẹ fi aṣọ ọlọ́ṣẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tún tàn án.